Àfonífojì Douro, Ilé Wáìnì Port: Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Fẹ́ Lọ Wo Ibẹ̀

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń dé Douro ní ilẹ̀ Potogí, tí wọ́n á dojú kọ ife wáìnì kí wọ́n tó gbójú sókè wo òkè. Ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ kọ́kọ́ wo òkè. Ọwọ́ ènìyàn ló gé àwọn òkè yẹn, ọwọ́ ènìyàn ló to òkúta wọn, kò sì sí ìgò kan tó ń ti ibẹ̀ jáde tí làálàá yẹn kò sí nínú rẹ̀. Àwọn ìbéèrè tó wà nísàlẹ̀ yìí ni àwọn tó ń gbèrò láti lọ máa ń béèrè jù.

Níbo gan-an ni Douro wà?

Odò ni Douro fúnra rẹ̀. Ó ṣẹ̀ ní àwọn òkè Urbión ní àríwá ilẹ̀ Sípéènì, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Duero, ó sì rin nǹkan bí 897 kìlómítà kó tó já sínú òkun Àtìláńtíìkì ní ìlú Porto. Ilẹ̀ àjàrà kò bẹ̀rẹ̀ létí òkun. Ẹ ní láti kọjá òkè Marão, tó ga tó mítà 1,415, kí ẹ tó kàn án. Òkè yìí ló ń dá òjò òkun dúró, ìdí nìyẹn tí Porto fi máa ń tutù rinrin, tí ẹ̀yìn òkè sì gbẹ. Àwọn ará ibẹ̀ máa ń sọ pé oṣù mẹ́sàn-án ni òtútù àwọn, ọ̀run àpáàdì ni oṣù mẹ́ta yòókù. Wọn kò parọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, ooru ibẹ̀ lè kọjá 40 lórí ìwọ̀n Celsius.

Ọ̀nà mẹ́ta ni wọ́n pín ilẹ̀ wáìnì náà sí. Baixo Corgo ló wà ní ìwọ̀ oòrùn, òun ni òjò ń rọ̀ sí jù, òun ló sì tutù yọ̀yọ̀ jù. Cima Corgo wà láàárín, ìlú kékeré Pinhão sì ni ọkàn rẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ oko tó lókìkí wà. Douro Superior ló kángun sí ẹnubodè Sípéènì, ó gbẹ táútáú, ó gbòòrò, èrò kò sì pọ̀ níbẹ̀. Gbogbo agbègbè náà tó nǹkan bí 250,000 hẹ́kítà, àmọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ ni wọ́n gbin àjàrà sí. Lọ́dún 2001, àjọ UNESCO fi 24,600 hẹ́kítà nínú rẹ̀ kún ogún gbogbo ayé, gẹ́gẹ́ bí ilẹ̀ tí iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn sọ di bó ṣe rí.

Kí ló dé tí àwọn òkè ibẹ̀ fi rí bí àtẹ̀gùn?

Nítorí pé ilẹ̀ tó tẹ́jú kò sí. Gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ ni òkè ibẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ dé etí odò, ohun tó sì wà lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe erùpẹ̀ tí ọkọ́ lè wọ̀. Òkúta schist ni, òkúta dúdú tó máa ń là ní abala-abala bí ojú ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ gbin nǹkan síbẹ̀ ní láti fọ́ òkúta náà fúnra rẹ̀, kó kó èyí tó tóbi jọ, kó fi mọ ògiri láìlo símẹ́ńtì rárá, kó wá kó èyí tó wẹ́wẹ́ sẹ́yìn ògiri náà kó lè di ilẹ̀. Ìpele kan nìyẹn. Yóò tún gòkè díẹ̀, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ òmíràn. Bí wọ́n ṣe ṣe é láti etí odò dé góńgó òkè nìyẹn, ní òkè lẹ́yìn òkè.

Òkúta tó ń fìyà jẹ àgbẹ̀ yìí náà ló ń ṣe àjàrà lóore. Bó ṣe là ní abala-abala, gbòǹgbò máa ń wọ àárín rẹ̀ lọ sísàlẹ̀ ní ọ̀pọ̀ mítà láti wá omi tó sá pamọ́ síbẹ̀. Lọ́sàn-án, òkúta á fa ooru mọ́ra. Lálẹ́, á tú u sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún èso.

Ẹ má rò pé ọ̀kan náà ni gbogbo ìpele tí ẹ bá rí. Ẹni tó bá fara balẹ̀ lè ka ìtàn 200 ọdún láti ojú òkè kan ṣoṣo. Àwọn tó pẹ́ jù ṣe tóóró, ògiri wọn ga ju bí wọ́n ṣe fẹ̀ lọ, ìlà àjàrà kan tàbí méjì ni wọ́n sì gbà. Nínú àwọn ògiri kan, ẹ óò rí ihò kéékèèké tó tò lọ lẹ́sẹẹsẹ. Wọ́n ń pè wọ́n ní pilheiros. Inú ihò yẹn ni wọ́n ń gbin àjàrà sí, kí ilẹ̀ pẹrẹsẹ tí wọ́n fi làálàá rí lè ṣẹ́ kù fún ọkà. Àwọn ìpele tó fẹ̀ díẹ̀, tó sì dagun díẹ̀, jẹ́ ti ìparí ọ̀rúndún 19. Èyí tí kò ní ògiri òkúta rárá, tó jẹ́ pé bèbè erùpẹ̀ ló pààlà rẹ̀, katakátá ló gé e láti àwọn ọdún 1970 síwájú. Àwọn mìíràn tún wà tí ìlà àjàrà wọn ta láti òkè wá sísàlẹ̀, láìsí ìpele kankan. Ní tèmi, ògiri òkúta ni kò ní ẹlẹ́gbẹ́. Ó ń jẹ́ kí omi òjò kọjá láìgbé ilẹ̀ lọ, alángbá àti ẹyẹ sì ń rí ilé sínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n owó gọbọi ni àtúnṣe rẹ̀ ń gbà, àwọn tó mọ iṣẹ́ náà sì ń dínkù.

Ta ló mọ gbogbo ògiri yẹn?

Àwọn tí orúkọ wọn kò sí lára ìgò. Àgbẹ̀ àdúgbò wà nínú wọn, alágbàṣe láti àwọn abúlé òkè wà níbẹ̀, ọ̀pọ̀ sì wá láti Galicia ní ilẹ̀ Sípéènì láti wá ta agbára wọn. Láyé àtijọ́, nígbà ìkórè, àwọn alágbàṣe máa ń ṣẹ́gbẹ́ wá ní ọ̀wọ́ tí wọ́n ń pè ní roga, ọ̀gá kan á ṣáájú wọn, wọ́n á fẹsẹ̀ rìn láti abúlé wọn pẹ̀lú ìlù àti akọ́díọ̀nù. Àwọn obìnrin ló ń já èso. Àwọn ọkùnrin ló ń pọn agbọ̀n sẹ́yìn, agbọ̀n kan sì lè wúwo ju 50 kílò lọ, lórí òkè tí ẹni tí kò ru nǹkan kan gan-an ń rọra gùn. Ẹ lọ sí Museu do Douro ní ìlú Peso da Régua kí ẹ tó lọ sí oko èyíkéyìí. Inú ilé àtijọ́ ti Iléeṣẹ́ Wáìnì tí mo máa sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìpẹ́ ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé náà wà, ó sì fún iṣẹ́ àwọn ènìyàn wọ̀nyí ní ipò tó yẹ ẹ́.

Láti ìgbà wo ni wọ́n ti ń ṣe wáìnì níbẹ̀?

Ó kéré tán, láti ìgbà àwọn ará Róòmù. Ní Fonte do Milho, lẹ́bàá Régua, àwọn awalẹ̀pìtàn rí àwókù ilé oko àwọn ará Róòmù pẹ̀lú ibi tí wọ́n ti ń ṣe wáìnì. Nígbà tó di ọ̀rúndún 12, àwọn mọ́ńkì Cistercian tẹ̀dó sí ìhà gúúsù odò, ní São João de Tarouca àti Salzedas, wọ́n sì gbin àjàrà rẹpẹtẹ. Ilé ìjọsìn wọn méjèèjì ṣì wà níbẹ̀, kò sì jìnnà sí Lamego.

Ṣé òótọ́ ni pé Douro ni ilẹ̀ wáìnì àkọ́kọ́ tí òfin pààlà fún láyé?

Bẹ́ẹ̀ ni àwọn afinimọ̀nà máa ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n ó yẹ ká tún un sọ dáadáa. Wọ́n ti pààlà fún Chianti ní ilẹ̀ Ítálì lọ́dún 1716, wọ́n sì ti ṣe bẹ́ẹ̀ fún Tokaj ní ilẹ̀ Hungary lọ́dún 1737. Ti Douro jẹ́ 1756. Ohun tó mú Douro yàtọ̀ ni bí òfin náà ṣe le tó: wọ́n pààlà, wọ́n ri òpó mọ́lẹ̀, wọ́n pín wáìnì sí ìpele, wọ́n dá iye tí wọ́n gbọ́dọ̀ tà á, wọ́n sì dá iléeṣẹ́ kan sílẹ̀ láti máa ṣọ́ gbogbo rẹ̀.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé. Ní oṣù Kejìlá ọdún 1703, ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Potogí fọwọ́ sí àdéhùn Methuen. Àdéhùn náà mú kí owó orí wáìnì Potogí tó ń wọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ìdá mẹ́ta kéré sí ti Faransé. Ọjà yá gágá. Bí ọjà ṣe yá ni màgòmágó wọlé: àwọn kan ń fi èso elderberry pa wáìnì láró kó lè pọ́n dáadáa, àwọn mìíràn ń po wáìnì ibòmíràn mọ́ ọn. Orúkọ bàjẹ́, owó sì já wálẹ̀. Ní ọjọ́ 10, oṣù Kẹsàn-án, ọdún 1756, lábẹ́ ọba José Kìíní, olórí ìjọba rẹ̀ Sebastião José de Carvalho e Melo, ẹni tó wá jẹ oyè Marquês de Pombal lẹ́yìn náà, dá Iléeṣẹ́ Wáìnì Alto Douro sílẹ̀. Wọ́n pàṣẹ pé kí wọ́n fa gbogbo igi elderberry tu ní agbègbè náà. Láàárín 1758 sí 1761, wọ́n ri òpó òkúta gíránáìtì 335 mọ́lẹ̀ yí ilẹ̀ náà ká, wọ́n gbẹ́ ọ̀rọ̀ FEITORIA sára wọn, ìyẹn orúkọ wáìnì tó dára jù, tí wọ́n gbà láti kó lọ sí òkè òkun. Ọ̀pọ̀ ṣì dúró títí dòní, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, láàárín oko, àwọn mìíràn lára ògiri ilé. Tí ẹ bá ń rin àárín àjàrà lọ tí ẹ rí òpó òkúta kan tó dá dúró, ẹ wo iwájú rẹ̀ dáadáa.

Kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló rí i bí ohun rere. Iléeṣẹ́ náà nìkan ló láṣẹ láti máa ta wáìnì nínú ìlú Porto, ó sì gba ọjà apá ibi tó pọ̀ ní ilẹ̀ Brazil. Lọ́dún 1757, àwọn ọlọ́tí Porto àti àwọn mẹ̀kúnnù dìde ọ̀tẹ̀ sí i. Pombal kò fi ojú àánú wò wọ́n. Wọ́n dájọ́ ikú fún ọ̀pọ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin. Àwọn afinimọ̀nà kì í fẹ́ sọ apá yìí nínú ìtàn.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe wáìnì Port, kí ló sì mú un dùn?

Ṣúgà àjàrà fúnra rẹ̀ ló mú un dùn. Tí wọ́n bá tẹ èso tán, omi rẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í hó, ṣúgà á máa di ọtí. Nígbà tó bá kù díẹ̀ kí ó tó ìdajì ọ̀nà, wọ́n á da ọtí líle aguardente, tí wọ́n pọn láti ara àjàrà, sínú rẹ̀. Agbára rẹ̀ jẹ́ ìdá 77 nínú ọgọ́rùn-ún, ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ nǹkan bí ìdá kan sí omi àjàrà mẹ́rin. Híhó á dáwọ́ dúró, ṣúgà tó kù á dúró síbẹ̀. Agbára wáìnì tó bá jáde máa ń wà láàárín ìdá 19 sí 22.

Oríṣi àjàrà tó wà níbẹ̀ pọ̀ gan-an. Touriga Nacional, Touriga Franca, Tinta Roriz, Tinta Barroca àti Tinto Cão ni a sábà ń gbọ́. Nínú oko àtijọ́, wọ́n po gbogbo wọn mọ́ra nínú ìlà kan náà. Port tí wọ́n ń pè ní ruby máa ń pọ́n, ó sì ní adùn èso tútù. Port tí wọ́n ń pè ní tawny ti pẹ́ nínú àgbá igi, àwọ̀ rẹ̀ ti ń ṣí, adùn rẹ̀ sì dà bíi ti èso gbígbẹ. Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ọjọ́ orí ń ṣe sí wáìnì, ẹ ní kí wọ́n bu tawny ọdún 10 àti ti ọdún 20 fún yín lẹ́ẹ̀kan náà.

Wáìnì tí wọn kò da ọtí líle sí náà wà. Barca Velha, tó kọ́kọ́ jáde láti inú ìkórè ọdún 1952, ló fi hàn pé ilẹ̀ Douro lè ṣe irú èyí tó ga. Lónìí, ọ̀pọ̀ oko ńlá ló ń ṣe irú wáìnì bẹ́ẹ̀.

Tó bá jẹ́ pé Douro ni wọ́n ti ń ṣe é, kí ló dé tó ń jẹ́ Port?

Porto ni ọkọ̀ òkun ti ń gbé e. Ọ̀gangan Porto, ní òdìkejì odò, ni Vila Nova de Gaia wà, níbi tí ilé àgbá ọ̀pọ̀ iléeṣẹ́ ńláńlá tò sí. Atẹ́gùn òkun mú kí ibẹ̀ tutù, wáìnì á sì dàgbà pẹ̀sẹ̀. Ooru òkè odò lè jó o. Láti ọdún 1926, òfin sọ pé Gaia nìkan ni wọ́n ti lè kó o ránṣẹ́ sí òkè òkun. Ọdún 1986 ni òfin yẹn tó tú, tí àwọn oko kéékèèké fi wá ń ta wáìnì tiwọn tààrà. Ẹ rìn lórí afárá Dom Luís Kìíní, tí wọ́n ṣí lọ́dún 1886, nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Ẹ óò rí ìlú méjèèjì lójú kan.

Mo rí àwọn ọkọ̀ onígi olójú pẹrẹsẹ ní Gaia. Kí ni wọ́n wà fún?

Rabelo nìyẹn. Kí ọkọ̀ ojú irin tó dé, àwọn ló ń gbé àgbá wáìnì sọ̀ kalẹ̀ láti òkè odò. Odò tí ẹ ń rí lónìí, tó ń dán, tó sì dákẹ́, kì í ṣe odò ìgbà yẹn. Àpáta pọ̀ nínú rẹ̀ nígbà yẹn, omi ń sáré, ń pariwo, ẹ̀mí sì ń bọ́. Tí ọkọ̀ bá ń padà sókè, atẹ́gùn ló ń tì í. Níbi tí atẹ́gùn bá kùnà, màlúù á máa fà á láti etí bèbè. Ibi tó burú jù ni Cachão da Valeira. Láti 1780 ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àpáta ibẹ̀, ó dìgbà tó di 1792 kí ọ̀nà tó là.

Síbẹ̀ náà ni ìtàn tí gbogbo Douro mọ̀ ti ṣẹlẹ̀, ní ọjọ́ 12, oṣù Karùn-ún, ọdún 1861. Joseph James Forrester, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi jẹ bárọ́ọ̀nù ní Potogí, òun náà ló ya àwòrán ilẹ̀ odò yìí tó péye. Ó mọ odò náà ju ọ̀pọ̀ ọmọ bíbí ibẹ̀ lọ. Ọkọ̀ rẹ̀ dojú dé ní Valeira, odò gbé e lọ, wọn kò sì rí òkú rẹ̀ títí dòní. Dona Antónia Ferreira wà nínú ọkọ̀ náà, òun sì yè é. Àwọn ènìyàn ń sọ pé yẹ̀rì rẹ̀ tó fẹ̀ ló gbé e léfòó, nígbà tí bẹ́líìtì owó Forrester fà á rì. Bóyá bẹ́ẹ̀ ló rí, bóyá wọ́n bù mọ́ ọn ni. Ohun tó dájú ni pé obìnrin yìí, tí wọ́n bí ní 1811, tó sì kú ní 1896, ló di alágbára jù nínú ìtàn Douro. Ọkọ rẹ̀ kú fi í sílẹ̀ nígbà tó ṣì wà ní ọ̀dọ́, ó gba oko bójú tó, ó ra ilẹ̀ kún ilẹ̀, ó sì gbin àjàrà síbi tí ẹnikẹ́ni kò rò pé ó lè hù. Ferreirinha ni wọ́n ń pè é títí dòní, pẹ̀lú ìfẹ́.

Mo rí òkè tó ní ògiri ṣùgbọ́n tí kò ní àjàrà, tí igbó ti bò. Kí ló ṣẹlẹ̀ síbẹ̀?

Àmì àjálù nìyẹn. Mortórios ni wọ́n ń pe irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ní àwọn ọdún 1860, kòkòrò phylloxera, tó kéré débi pé ojú lásán ò fi bẹ́ẹ̀ rí i, wọ Douro láti ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Gbòǹgbò ló ń jẹ. Ó run oko tán láàárín ọdún díẹ̀, ìdílé tó gbójú lé ilẹ̀ kékeré di aláìní, ọ̀pọ̀ sì ṣí lọ sí Brazil. Oògùn tó wá ṣiṣẹ́ ni kí wọ́n so ẹ̀ka àjàrà Yúróòpù mọ́ gbòǹgbò àjàrà Amẹ́ríkà, nítorí gbòǹgbò yẹn kò bẹ̀rù kòkòrò náà. Àwọn tó lágbára tún gbìn. Àwọn tí kò lágbára fi ìpele wọn sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Igi ólífì àti igbó ló gorí ògiri wọn láti ìgbà náà. Nígbà tí ẹ bá ń ya fọ́tò oko tó rẹwà, ẹ ya mortório kan mọ́ ọn.

Èmi kì í mu ọtí. Ṣé ó tọ́ kí n lọ?

Ó tọ́ púpọ̀. Ohun tó jẹ́ ọtí kéré sí ohun tí kì í ṣe ọtí níbẹ̀.

Ní àfonífojì Côa, ní Douro Superior, àwọn ènìyàn ìgbà òkúta gbẹ́ àwòrán ẹṣin, màlúù igbó àti ewúrẹ́ òkè sára àpáta ní gbangba etí odò. Àwọn kan lé ní 20,000 ọdún. Ní àárín àwọn ọdún 1990, iléeṣẹ́ iná ọba ti ń kọ́ ìsédò tí omi rẹ̀ ìbá bo gbogbo rẹ̀ mọ́lẹ̀. Àwọn ọmọ ilé ìwé, àwọn awalẹ̀pìtàn àti aráàlú dìde, igbe wọn ni pé àwòrán kò mọ̀wẹ̀. Ìjọba dá iṣẹ́ náà dúró, àjọ UNESCO sì fi ibẹ̀ kún ogún gbogbo ayé lọ́dún 1998. Ó ṣọ̀wọ́n kí àwòrán orí òkúta ṣẹ́gun ìsédò. Afinimọ̀nà ló ń fi jíìpù gbé èèyàn lọ síbẹ̀, ẹ sì ní láti gba àyè ṣáájú. Bí ẹ bá lè rí ti alẹ́ ní Penascosa, ẹ má jẹ́ kó fò yín: iná tí wọ́n tàn láti ẹ̀gbẹ́ ló ń mú kí ìlà tí oòrùn ọ̀sán fi pamọ́ jáde. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Côa, tí wọ́n ṣí lọ́dún 2010, wà lórí òkè tó kọjú sí ibi tí odò Côa àti odò Douro ti pàdé.

Ní Lamego, àtẹ̀gùn 686 ló gòkè lọ sí ilé ìjọsìn Nossa Senhora dos Remédios, táìlì aláwọ̀ búlúù sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ọjọ́ 8 oṣù Kẹsàn-án ni ọdún rẹ̀ máa ń le jù, nígbà tí màlúù ń fa ère mímọ́ káàkiri ìlú. Ní Lazarim, tí kò jìnnà síbẹ̀, wọ́n máa ń gbé ìbòjú tí wọ́n fi igi gbẹ́ jáde ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun tó ṣáájú Lẹ́ńtì. Àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin àti ọ̀dọ́mọbìnrin á sì máa fi ewì bú ara wọn ní gbangba, láìsí ìjà. Lẹ́bàá Vila Real ni ààfin Mateus wà, ilé ọ̀rúndún 18 tó ní ọgbà tó lẹ́wà, abúlé Bisalhães sì wà nítòsí, níbi tí wọ́n ti ń sun ìkòkò dúdú nínú kòtò ilẹ̀. Lọ́dún 2016, UNESCO kọ iṣẹ́ ìkòkò náà sára àwọn àṣà tó nílò ìgbàlà kánkán, torí àwọn amọ̀kòkò tó kù kò tó nǹkan.

Ìgbà wo ló dára jù láti lọ?

Oṣù Kẹsàn-án sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹwàá ni ìkórè, ìgbà náà ni gbogbo nǹkan ń lọ, ìgbà náà sì ni yàrá wọ́n jù. Tí ẹ bá fẹ́ ìdákẹ́jẹ́, ẹ lọ ní òpin oṣù Kẹwàá tàbí oṣù Kọkànlá, nígbà tí ewé àjàrà bá pọ́n tó sì di wúrà. Oṣù Kejì sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹta ni igi álímọ́ńdì máa ń tan òdòdó funfun ní Douro Superior. Ẹ yẹra fún oṣù Keje àti Kẹjọ tí ooru bá ń dà yín láàmú.

Ṣé wọ́n máa ń jẹ́ kí àlejò tẹ àjàrà?

Àwọn oko kan ń gbà, nígbà ìkórè nìkan, tí ẹ bá ti bá wọn sọ̀rọ̀ ṣáájú. Lagar ni ìfúntí wọn: kòtò gíránáìtì oníhà mẹ́rin tí omi àjàrà inú rẹ̀ lè dé itan. Alẹ́ ni wọ́n ń tẹ̀ ẹ́. Fún nǹkan bí wákàtí méjì, ẹ óò tò ní ìlà, ẹ óò di èjìká ara yín mú, ẹnì kan á máa ka ìṣísẹ̀, ẹ óò sì máa gbé ẹsẹ̀ bákan náà láìsí eré. Lẹ́yìn ìyẹn ni akọ́díọ̀nù á dún, tí kálukú á wá jó bó ṣe wù ú. Ẹsẹ̀ ènìyàn ṣe pàtàkì nítorí pé ó ń fọ́ èso láìfọ́ kóró inú rẹ̀, tó máa ń korò.

Ọkọ̀ ojú irin, ọkọ̀ omi, àbí mọ́tò?

Ọkọ̀ ojú irin ni mo yàn. Ọ̀nà irin Douro dé Barca d'Alva ní ẹnubodè lọ́dún 1887. Lónìí Pocinho ló ti ń dúró. Tí ẹ bá wọ̀ ọ́ láti Porto, ẹ jókòó sí ọwọ́ ọ̀tún, odò á wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Lẹ́yìn tó bá gba orí afárá Ferradosa, ọwọ́ òsì ni odò máa bọ́ sí. Ẹ sọ̀ ní Pinhão, kí ẹ má sì sáré jáde: lára ògiri ibùdókọ̀ náà, pátákó táìlì 24 ló ń ṣàfihàn ìkórè, agbọ̀n, màlúù àti ọkọ̀ rabelo. Owó ọkọ̀ ojú irin náà kò wọ́n.

Ọkọ̀ omi dùn fún àwọn tí ìrìn ń sú. Ìsédò márùn-ún ló wà lórí odò láàárín Porto àti ẹnubodè. Ní Carrapatelo, ọkọ̀ á wọ inú yàrá omi tóóró, omi á sì gbé e gòkè tó 35 mítà.

Mọ́tò ló máa gbé yín dé ibi gíga bíi São Leonardo de Galafura àti Casal de Loivos. Ọ̀nà N222 láti Régua sí Pinhão rẹwà, ṣùgbọ́n kọ́nà rẹ̀ pọ̀. Awakọ̀ kò gbọdọ̀ tọ́ wáìnì wò: 0.5 gíráàmù ọtí nínú lítà ẹ̀jẹ̀ kan ni òfin Potogí gbà, 0.2 sì ni fún ẹni tí kò tíì pé ọdún mẹ́ta tó gbàwé àṣẹ ìwakọ̀. Físà Schengen, tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Yúróòpù jọ ń lò, ni wọ́n fi ń wọlé síbẹ̀.

Báwo ni nǹkan ṣe rí fún àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ lónìí?

Kò rọrùn, ó sì yẹ kí àlejò mọ̀. Ilẹ̀ kéékèèké ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ní. Wọ́n ti fi lẹ́tà pín gbogbo oko sí ìpele, láti A lọ sísàlẹ̀, ní ìbámu pẹ̀lú ibi tó wà, bó ṣe ga tó, bó ṣe dagun tó àti irú òkúta rẹ̀. Lọ́dọọdún, wọ́n á kéde iye omi àjàrà tí wọ́n lè sọ di Port, wọ́n á sì pín in fún oko kọ̀ọ̀kan. Benefício ni wọ́n ń pè é. Àjàrà tó bá wọ inú ìpín yẹn ń mú owó gidi wá. Èyí tó bá ṣẹ́ kù, iye tí wọ́n ń tà á lè má tó owó tí wọ́n fi kórè rẹ̀. Bí àwọn ènìyàn káàkiri ayé ṣe ń mu Port díẹ̀ sí i, ìpín náà ń dínkù, àwọn àgbẹ̀ sì ti jáde sí ìgboro Régua láti fẹ̀hónú hàn. Àwọn ọmọ wọn ń lọ sí Porto àti òkè òkun.

Nítorí náà, tí ẹ bá fẹ́ ra ìgò, ẹ gbìyànjú láti rà á lọ́wọ́ ẹni tó gbìn ín. Ẹ béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ẹni tó ń tún ògiri rẹ̀ ṣe. Inú rẹ̀ á dùn pé ẹ béèrè.

Ọjọ́ mélòó ló tó?

Mẹ́rin dára: ọ̀kan fún Porto àti Gaia, méjì fún Régua, Pinhão àti Lamego, ọ̀kan fún Côa. Tó bá jẹ́ ọjọ́ kan ṣoṣo lẹ ní, ẹ má ra ètò tó ń kó èèyàn wọ oko mẹ́ta láàárín wákàtí mẹ́jọ. Ẹ wọ ọkọ̀ ojú irin àárọ̀ lọ sí Pinhão, ẹ yan oko kan péré, ẹ sọ fún wọn pé ẹsẹ̀ lẹ fẹ́ fi rin àárín àjàrà dé òkè, kí ẹ sì gbé omi dání.